Ẹ yẹ abẹ́ ọkọ̀ onígbòkun tòkunbọ̀ wò kí ẹ tó sanwó

Sí Olóòtú,

Mo kí ẹ̀yin àti gbogbo òṣìṣẹ́ yín kú iṣẹ́ ìròyìn. Mo ka ohun tí ẹ gbé jáde nípa àwọn ọmọ Èkìtì mélòó kan tí wọ́n ń ṣiṣẹ́ ní Èkó, tí wọ́n ń dá owó jọ láti ra ọkọ̀ onígbòkun kékeré kan tí wọ́n ti lò ní òkè òkun, inú mi sì dùn gidigidi. Ìpínlẹ̀ wa kò ní etíkun, òkè àti igbó ni Ọlọ́run fi jíǹkí wa, nítorí náà ọ̀pọ̀ ènìyàn ló gbà pé ọ̀rọ̀ òkun kò kàn wá. Èmi kò gbà bẹ́ẹ̀. Ibi tí wọ́n ti ń tún ọkọ̀ ojú omi ṣe ní Èkó ni mo ti lo èyí tó pọ̀ jù nínú ọjọ́ iṣẹ́ mi kí n tó padà wálé sí Ìkẹ́rẹ́-Èkìtì, mo sì mọ̀ pé kò sí ohun tó ní kí ọmọ orí òkè má mọ bí a ṣe ń ta ìgbòkun. Ṣùgbọ́n ohun tí àwọn ọ̀dọ́ náà sọ jù lọ nínú ìròyìn yẹn ni iye tí wọ́n pe ọkọ̀ náà, àwọ̀ tí wọ́n fẹ́ kùn ún, àti tìmùtìmù tí wọ́n fẹ́ tẹ́ sínú rẹ̀. Kò sí ibi tí wọ́n ti dárúkọ ẹni tó bá wọn yẹ abẹ́ ọkọ̀ náà wò. Èyí ló mú mi kọ lẹ́tà yìí.

Ohun tí mo fẹ́ sọ fún wọn, àti fún ẹnikẹ́ni tó bá tún ní irú èrò bẹ́ẹ̀ lọ́kàn, ni pé kí wọ́n má ṣe san kọ́bọ̀ títí wọn yóò fi gbé ọkọ̀ náà kúrò nínú omi, kí ẹni tó mọ iṣẹ́ ọkọ̀, tí kì í ṣe ẹni tí olùtà mú wá, sì yẹ̀ ẹ́ wò láti ìdí títí dé orí òpó tó gbé ìgbòkun dúró. Lẹ́yìn èyí, kí wọ́n ya owó tó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó iye tí wọ́n ra ọkọ̀ náà sọ́tọ̀ fún àtúnṣe, kí iṣẹ́ tó ń lé omi síta àti èyí tó ń mú òpó dúró sì ṣáájú ọ̀dà àti tìmùtìmù. Kò sí ẹni tó ń lọ ra mọ́tò tòkunbọ̀ láìmú mẹkáníìkì dání. Mọ́tò tó bá sì bàjẹ́ ní ọ̀nà Ìgbàrà-Òkè, ẹni tó ni ín yóò sọ̀kalẹ̀, yóò sì rí ilẹ̀ dúró lé.

Ẹ jẹ́ kí n bẹ̀rẹ̀ láti ara ọkọ̀ fúnra rẹ̀. Láti nǹkan bí ọdún 1960 ni wọ́n ti ń fi fáíbà, ìyẹn òwú gíláàsì tí wọ́n fi oje líle mú dì, kan ọkọ̀ kéékèèké lọ́pọ̀ yanturu ní Yúróòpù àti Amẹ́ríkà. Fáíbà kì í jẹrà bí igi, kòkòrò inú omi iyọ̀ tó máa ń lu igi ọkọ̀ kì í sì í jẹ ẹ́. Ìdí nìyí tí ọkọ̀ tí wọ́n kàn ní ogójì ọdún sẹ́yìn fi ṣì wà lójà lónìí, tí owó rẹ̀ kò sì ju ti mọ́tò tòkunbọ̀ lọ nígbà mìíràn. Ṣùgbọ́n bí fáíbà kò tilẹ̀ jẹrà, omi ń wọ̀ ọ́. Díẹ̀díẹ̀, ní ọ̀pọ̀ ọdún, omi á máa gba inú awọ dídán tó wà lóde wọlé, á máa yọ́ àwọn èròjà kan nínú fáíbà náà, ohun tí ó bá ti yọ́ á sì di omi kíkan tí yóò máa wú awọ òde sókè bí ìléròrò. Bí ẹ bá fi ìṣó gún ọ̀kan nínú ìléròrò wọ̀nyí, omi á tú jáde, òórùn rẹ̀ á sì dà bíi ti ọtí kíkan. Ìléròrò mélòó kan kò tó ohun tí ènìyàn ń sá fún, ó tó ohun tí a fi ń já owó ọkọ̀ wálẹ̀. Bí ó bá ti gba gbogbo abẹ́ ọkọ̀, wọ́n ní láti bó awọ òde náà kúrò, kí wọ́n jẹ́ kí fáíbà gbẹ fún ọ̀pọ̀ oṣù, kí wọ́n tó fi awọ tuntun bò ó. Iṣẹ́ ńlá ni, owó ńlá sì ni.

Nítorí náà, bí ọkọ̀ bá ti gbó, tí abẹ́ rẹ̀ sì ń dán pẹ̀lú ọ̀dà tuntun, kí ẹ fura. Mo ti rí ọkọ̀ tí olùtà kùn ní ọ̀sẹ̀ tí oníbàárà fẹ́ wá wò ó, tí ìléròrò sì kún abẹ́ ọ̀dà náà. Ẹni tó bá ń yẹ ọkọ̀ wò yóò mú òòlù kékeré kan dání, yóò máa fi kan gbogbo ara ọkọ̀ náà jẹ́jẹ́, yóò máa gbọ́ ohùn rẹ̀. Ibi tí ohùn rẹ̀ bá le tó sì mọ́, fáíbà ibẹ̀ ṣì dì mọ́ra. Ibi tí ohùn bá ti kú, ìpele fáíbà ti ya kúrò lára ara wọn níbẹ̀, tàbí kí omi ti wọ ibẹ̀. Bẹ́ẹ̀ náà ni kí ó fi ẹsẹ̀ tẹ orí ọkọ̀ níbi gbogbo, nítorí pé igi fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ ni wọ́n máa ń fi sí àárín ìpele fáíbà méjì lókè, omi sì máa ń gba ojú ihò bóòtù tí wọ́n fi de nǹkan mọ́ ọkọ̀ wọ inú igi náà, tí yóò fi jẹrà láìsí ẹni tó rí i. Bí ibi tí ẹ tẹ̀ bá rọ̀, igi abẹ́ rẹ̀ ti lọ.

Kíìlì ni mo fẹ́ dúró lé díẹ̀. Kíìlì ni irin tàbí òjé wúwo tó wà ní ìdí ọkọ̀ onígbòkun, òun ni kì í jẹ́ kí afẹ́fẹ́ dojú ọkọ̀ dé. Nínú ọ̀pọ̀ ọkọ̀ kékeré, bóòtù ni wọ́n fi dè é mọ́ abẹ́ ọkọ̀. Ní oṣù karùn-ún ọdún 2014, ọkọ̀ kan tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ Cheeki Rafiki ń padà láti erékùṣù Antigua lọ sí ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, kíìlì rẹ̀ sì já kúrò ní àárín òkun Àtìláńtíìkì. Àwọn ọkùnrin mẹ́rin tó wà nínú rẹ̀ kú. Àwọn tó ṣe ìwádìí rẹ̀ sọ pé ó ṣeé ṣe kí bí ìdí ọkọ̀ náà ṣe ti kọlu ilẹ̀ abẹ́ omi sẹ́yìn, àti àtúnṣe tí wọ́n ṣe lẹ́yìn náà, ti sọ ibi tí kíìlì ti so mọ́ ọkọ̀ di aláìlágbára. Àwọn tó wà nínú ọkọ̀ yẹn mọ ọkọ̀ wà. Ohun tó pa wọ́n wà níbi tí ojú wọn kò tó. Nítorí náà, kí ẹ béèrè lọ́wọ́ olùtà bóyá ìdí ọkọ̀ náà ti kọlu ilẹ̀ rí, kí ẹ má sì fi ìdáhùn rẹ̀ nìkan ṣe ẹ̀rí; kí ẹ wo ojú ìpàdé kíìlì àti ọkọ̀ bóyá ó là, kí ẹ ṣí ilẹ̀ inú ọkọ̀, kí ẹ wo orí bóòtù bóyá ó ti dípẹtà àti bóyá fáíbà àyíká rẹ̀ ti ń sán.

Àwọn ihò tí wọ́n dìídì lu sí ara ọkọ̀ nísàlẹ̀ omi tún wà: ti omi tó ń tu ẹ́ńjìnnì lára, ti ilé ìgbọ̀nsẹ̀, ti ibi ìfọ̀bọ́. Fáàfù, ohun tí a fi ń ṣí ihò tí a sì fi ń tì í, ló wà lẹ́nu ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn. Nínú ọkọ̀ tó ti gbó, ẹ óò rí èyí tí wọ́n fi idẹ olówó pọ́ọ́kú ṣe, tí síńkì pọ̀ nínú rẹ̀. Omi iyọ̀ á máa fa síńkì náà jáde, ohun tó kù á wá pupa rẹ́súrẹ́sú, á sì máa rún bí ènìyàn bá fi ọ̀bẹ họ ọ́. Ihò tí fífẹ̀ rẹ̀ jẹ́ sẹ̀ǹtímítà 4, tó bá wà ní nǹkan bí sẹ̀ǹtímítà 60 nísàlẹ̀ ojú omi, yóò gba omi tó ju lítà 100 lọ wọlé ní ìṣẹ́jú kan, èyí tó ju kẹ́ẹ̀gì onílítà 25 mẹ́rin lọ. Kò sí ẹni tó lè fi korobá gbọ́n ọn tán, pọ́ǹpù kékeré tó wà nínú irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀ kò sì lè bá a dé ibì kan. Bí àwọn ọmọ wa bá ra ọkọ̀ náà, fáàfù ni kí wọ́n kọ́kọ́ pààrọ̀, kí wọ́n lo brọ́ǹsì tàbí irú idẹ tí omi iyọ̀ kì í bàjẹ́, kí wọ́n sì fi okùn so èdìdì igi kan tó bá ihò mu mọ́ ẹ̀gbẹ́ fáàfù kọ̀ọ̀kan, kí ẹni tó bá ṣẹlẹ̀ sí lóru má bàa máa wá ohun tí yóò fi dí i.

Lókè ọkọ̀, wáyà tó mú òpó dúró ni kí ẹ kọ́kọ́ wò. Irin tí kì í dípẹtà ni wọ́n fi ń ṣe é, síbẹ̀ iyọ̀ a máa jẹ ẹ́ níbi tó ti wọ inú irin tó dì í mú lórí àti ní ìdí, níbi tí afẹ́fẹ́ kò ti dé. Nǹkan bí ọdún mẹ́wàá ni ọ̀pọ̀ àwọn tó mọ iṣẹ́ náà ń fún un, ọ̀pọ̀ ilé iṣẹ́ adójútòfò ní òkè òkun sì máa ń béèrè ọjọ́ orí rẹ̀ kí wọ́n tó gba ọkọ̀ wọlé. Bí fọ́nrán kan ṣoṣo bá ti já nínú wáyà kan, kí ẹ ka gbogbo wáyà náà sí òkú. Bí olùtà kò bá sì lè fi rísíìtì ọjọ́ tí wọ́n pààrọ̀ wọn hàn yín, kí ẹ ṣírò owó wáyà tuntun mọ́ iye ọkọ̀.

Ìgbòkun ní ọ̀tá tirẹ̀, oòrùn ni. Ẹ fi èékánná họ ojú ìrán rẹ̀. Bí òwú bá já, aṣọ náà lè ṣì dára, ṣùgbọ́n kò sí ìrán tó lè dúró níwájú afẹ́fẹ́ mọ́. Mo mọ̀ pé àwọn télọ̀ wa ní Adó-Èkìtì mọ iṣẹ́ wọn, ẹ̀rọ wọn tó nípọn sì lè gun ìgbòkun kékeré. Òwú tí wọ́n fi ń rán aṣọ ni kò bá iṣẹ́ yìí mu. Kí ẹ ra òwú onípọ́líẹ́sítà tí wọ́n ṣe fún ìgbòkun, kí ẹ gbé e lé wọn lọ́wọ́, kí ẹ sì ní kí wọ́n rán ojú ìrán kọ̀ọ̀kan ní ọ̀nà mẹ́ta. Inú mi yóò dùn bí owó iṣẹ́ yìí bá dé ọ̀dọ̀ àwọn oníṣẹ́ ọwọ́ ilé.

Kí n tó kúrò lórí òpó, ẹ wọn gíga rẹ̀ láti ojú omi. Afárá Third Mainland, tí wọ́n parí ní ọdún 1990, la ọ̀sà Èkó kọjá, afárá mìíràn sì wà yí ká. Ọkọ̀ tí òpó rẹ̀ bá ga ju abẹ́ afárá lọ kò lè kọjá, àfi bí wọ́n bá kan òpó náà lọ́nà tí yóò ṣeé sùn kalẹ̀. Ẹni tó bá ra ọkọ̀ olópòó gíga láìmọ ibi tí yóò so ó sí lè rí i pé apá ibi tí òun fẹ́ lọ kò sí fún òun mọ́.

Gáàsì ìdáná ló bà mí lẹ́rù jù nínú gbogbo ohun tí àwọn ènìyàn máa ń fi ọwọ́ ara wọn gbé sínú ọkọ̀. Ní ilé ìdáná wa ní Èkìtì, bí gáàsì bá ń jò, a óò ṣí ilẹ̀kùn, yóò sì tú jáde. Gáàsì yìí wúwo ju afẹ́fẹ́ lọ, ọkọ̀ kò sì ní ilẹ̀kùn ní ìsàlẹ̀. Yóò sọ̀kalẹ̀ lọ kó jọ sí ìdí ọkọ̀, yóò dúró síbẹ̀ láìsí ẹni tó mọ̀, títí ẹnì kan yóò fi ṣáná tàbí tí bátìrì yóò fi ta iná wẹ́rẹ́. Ibi tí sìlíńdà bá wà gbọ́dọ̀ jẹ́ àpótí tó dì pinpin sí inú ọkọ̀, tó sì ní ihò ní ìdí tí yóò tú gáàsì sí òde ọkọ̀. Bí ọkọ̀ tí wọ́n fẹ́ rà kò bá ní irú àpótí bẹ́ẹ̀, kí wọ́n má gbé gáàsì wọ inú rẹ̀ rárá. Kí wọ́n jẹ oúnjẹ tí wọ́n sè láti ilé.

Ní ti iná mànàmáná, bátìrì fóòtì 12 ló wọ́pọ̀. Kí ẹ fi fíúsì sí ibi tó sún mọ́ bátìrì jù lọ, kí ẹ lo wáyà bàbà tí wọ́n fi tánńganran bò, nítorí pé wáyà mọ́tò lásán yóò dúdú, yóò sì jẹrà nínú afẹ́fẹ́ iyọ̀. Kí bátìrì tó ń ṣí ẹ́ńjìnnì má jẹ́ èyí tó ń tan iná inú ọkọ̀, kí ẹ má bàa gbọ́ rédíò títí kí ẹ́ńjìnnì wá kọ̀ láti ṣí. Sólà kékeré kan yóò ṣe wọ́n ní àǹfààní púpọ̀ ní orílẹ̀-èdè wa. Ẹ́ńjìnnì fúnra rẹ̀, àwọn mẹkáníìkì wa mọ̀ ọ́n. Ohun tí mo fẹ́ kí wọ́n kíyè sí ni omi tó máa ń wà nínú epo, àti rọ́bà kékeré tó ń fa omi wọlé láti tu ẹ́ńjìnnì lára, tí ó yẹ kí wọ́n ní méjì sílẹ̀. Koríko ojú omi tó ń bo ọ̀sà Èkó ní àwọn ìgbà kan nínú ọdún máa ń dí ẹnu ihò omi yìí, ó sì máa ń wé mọ́ abẹ̀bẹ̀ abẹ́ omi tó ń ti ọkọ̀ lọ.

Owó tí wọ́n bá fẹ́ fi ra tìmùtìmù, kí wọ́n fi ra ẹ̀wù ìdóòlà lójú omi tó péye fún olúkúlùkù, kí wọ́n sì máa wọ̀ ọ́, kì í ṣe kí wọ́n kó o sí abẹ́ ìjókòó. Kí wọ́n ní ìdákọ̀ró méjì, kí okùn ìdákọ̀ró gùn tó ìlọ́po márùn-ún jíjìn omi ó kéré tán, ìlọ́po méje bí ìjì bá ń bọ̀. Kí wọ́n ní ohun ìpaná, iná ìtọ́nisọ́nà pupa ní òsì, àwọ̀ ewé ní ọ̀tún àti funfun ní ẹ̀yìn, kí wọ́n sì ní rédíò VHF, nítorí ojú ìlà 16 ni gbogbo ọkọ̀ òkun ń tẹ́tí sí fún ẹni tó bá ń ké gbàjarè. Fóònù kò lè rọ́pò rédíò yìí. Ẹni kan ṣoṣo ni fóònù ń bá sọ̀rọ̀, rédíò ń bá gbogbo ọkọ̀ tó wà nítòsí sọ̀rọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà.

Àwọn kan yóò sọ pé mo ń fi ìnáwó dẹ́rù ba àwọn ọmọdé. Bẹ́ẹ̀ kọ́. Joshua Slocum, ẹni àkọ́kọ́ tó dá nìkan fi ọkọ̀ onígbòkun yí ayé ká, láti ọdún 1895 títí di 1898, àlòkù ni ọkọ̀ rẹ̀. Wọ́n fún un lọ́fẹ̀ẹ́ ní ìlú Fairhaven ní Amẹ́ríkà, orí pápá ni ọkọ̀ náà wà tó ti ń jẹrà. Oṣù 13 ló fi tún un kàn, ó sì ná dọ́là 553 àti sẹ́ǹtì 62 lé e lórí, owó tó nípọn ní àkókò yẹn. Bí ọkọ̀ ọ̀fẹ́ bá gba oṣù 13 lọ́wọ́ ọ̀gá atukọ̀, kò yẹ kí ẹnikẹ́ni rò pé òun yóò ra tòun ní oṣù yìí kí òun wà lórí òkun ní oṣù tó ń bọ̀.

Ìwé ọkọ̀ náà kò gbọ́dọ̀ ṣe àfojúfò. Ọkọ̀ tí wọ́n kàn fún ọjà Amẹ́ríkà láti ìparí ọdún 1972 máa ń ní nọ́ńbà onílẹ́tà àti onídíjíìtì 12 ní ẹ̀yìn rẹ̀, ní ọwọ́ ọ̀tún, lókè. Kí nọ́ńbà yẹn bá èyí tó wà nínú ìwé títà mu. Kí olùtà fi ìwé kọ́sítọ́ọ̀mù hàn pé wọ́n ti san owó ibodè. Kí wọ́n lọ béèrè lọ́wọ́ NIMASA tó ń rí sí ọkọ̀ òkun, àti NIWA tó ń rí sí omi inú ilẹ̀, tí ọ́fíìsì àgbà rẹ̀ wà ní Lọ́kọ́jà, ohun tí òfin béèrè fún irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀, kí wọ́n béèrè kí wọ́n tó ra, kí ó má jẹ́ lẹ́yìn tí wọ́n bá ti rà á.

Ohun kan kù tí ìròyìn yín kò fi ọwọ́ kàn, òun ni pé kò sí ìkankan nínú wọn tó sọ pé òun mọ ọkọ̀ onígbòkun í wà. Ẹgbẹ́ Lagos Yacht Club ti wà ní Èkó láti ọdún 1932, ọkọ̀ kéékèèké tí kò ní yàrá ni wọ́n sì fi ń kọ́ ènìyàn. Kí wọ́n lọ síbẹ̀ fún sáà kan kí wọ́n tó san owó ọkọ̀ ńlá, nítorí pé ẹni tó bá ti mọ bí ọkọ̀ ṣe ń dáhùn sí afẹ́fẹ́ yóò mọ ohun tó yẹ kí òun béèrè lọ́wọ́ olùtà. Mo sì fẹ́ kí ìjọba ìpínlẹ̀ wa ronú lórí dáàmù tó wà ní Ìkún-Èkìtì. Omi mímu ni, kò yẹ kí ẹ́ńjìnnì bẹntiróòlù máa da epo sínú rẹ̀; ìgbòkun kì í da epo. Bí àwọn aláṣẹ ilé iṣẹ́ omi bá fọwọ́ sí i, ọkọ̀ onígbòkun kéékèèké méjì tàbí mẹ́ta níbẹ̀ yóò kọ́ àwọn ọmọ iléèwé wa ní ohun tí wọ́n ń rìn dé Èkó lọ wá.

Bí àwọn ọ̀dọ́ náà bá fẹ́ kí n bá wọn lọ wo ọkọ̀ náà kí wọ́n tó sanwó, kí wọ́n kọ̀wé sí ọ́fíìsì yín, kí ẹ sì bá mi fi í ránṣẹ́. N kò ní gba owó iṣẹ́ lọ́wọ́ wọn. Ohun tí mo ń béèrè ni kí wọ́n ti bá olùtà ṣe àdéhùn pé yóò gbé ọkọ̀ náà gun ilẹ̀ ní ọjọ́ tí a bá dé, kí omi sì ti ro kúrò ní abẹ́ rẹ̀ kí a tó bẹ̀rẹ̀.

Èmi ni tiyín ní tòótọ́,

Òṣìṣẹ́ ọkọ̀ ojú omi tó ti fẹ̀yìn tì,
Ìkẹ́rẹ́-Èkìtì.